Ọ̀nà Tó Wà Nínú Máàpù

Ọ̀dà pupa kì í gbọ́ ọṣẹ. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ti ń fi kànrìnkàn ha ògiri pákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, omi pupa sì ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹni tó pẹran. Àmì àgbélébùú ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kùn síbẹ̀ kò parẹ́, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Kì í ṣe ilé tiwọn nìkan. Láti etí afárá títí dé ìdí àpáta, kò sí ilé kan ládùúgbò náà tí wọn ò kùn. Wọ́n ní ilẹ̀ òfìfo ni. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣàdédé ya wọ orí rẹ̀ ni, bí ewúrẹ́ ṣe ń ya wọ oko olóko, àti pé ilé-iṣẹ́ kan ti ra gbogbo rẹ̀ láti fi kọ́ ilé ìtajà. Òní ni katakata ń bọ̀ wá wó o.

"Ìyá Tíṣà, o ò ní fi ògiri yẹn sílẹ̀?" Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onírin. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà iṣẹ́, kò sì mọ ibi tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ilé fẹ́ wó, ọ̀dà lò ń fọ̀."

"Bó bá máa wó, á wó ní mímọ́."

"Ta ló fẹ́ wo mímọ́ rẹ̀?"

"Èmi."

Ọ̀rọ̀ tán. Ó ti kànrìnkàn bọ omi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ha.

Lódìkejì ọ̀nà, nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin tó ń pọnmi ti ń fi ẹnu wó ilé kí katakata tó dé.

"Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ síwèé á rí owó gbà-má-bínú."

"Owó wo? Èyí tí kò lè ra ilẹ̀kùn?"

"Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Òun náà á rí gbà-má-bínú. Owó ni kò ní sí níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jìnnà. Kálukú gbé omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì tí Aránṣọ fi ń gé aṣọ, ọmọbìnrin wọn ti tẹ́ àwọn máàpù sílẹ̀. Ó fi ìṣá owú tẹ etí wọn mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé wọn. Olùkọ́ ìtàn ni ọmọ náà, ìdí nìyẹn tí bàbá àti ìyá tó bí i fi ń pè é ní Tíṣà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àwọn máàpù àtijọ́ kiri, káwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè mọ ìtàn ibi tí wọ́n ń gbé: ìdí tí títì fi ṣẹ́ kọ́nà síbí, ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀, ta ló gbẹ́ kànga. Ó rí ọ̀kan ní ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí. Àwọn tó fẹ́ ri páìpù omi àkọ́kọ́ wọ àdúgbò ló yà á, wọ́n sì ya ohun gbogbo tí wọ́n bá lójú ọ̀nà: ilé, igi, kànga, ọ̀nà ẹsẹ̀. Tíṣà gba ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lára. Lẹ́yìn náà ló wá fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń gé àwòṣe aṣọ da gbogbo ilà rẹ̀ kọ, kó lè tẹ́ ẹ lé orí máàpù tuntun tí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri. Nínú máàpù tuntun yẹn, funfun báláú ni gbogbo àdúgbò wọn.

Bàbá rẹ̀ wọlé wá, ó dúró tì í.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibì kan náà ni?"

"Ohun tí kì í ṣí nípò ni mo kọ́kọ́ wá, Bàbá. Odò máa ń yà, ilé máa ń wó, orúkọ títì máa ń yí padà. Àpáta rèé, kò lọ síbì kankan. Ìdí afárá rèé. Bí mo bá ti mú àpáta lé àpáta, tí mo mú afárá lé afárá, gbogbo ohun tó kù á jókòó sáyè ara wọn." Ó rọra fa bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó dúró. "Ẹ wò ó. Ilé bàbá yín rèé."

Bàbá Onírin tẹrí ba. Ó rí ilé náà, kékeré bí èékánná, pẹ̀lú kànga lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn ilé mìíràn tó tò lọ títí dé ìdí àpáta. Ó fi ìka tó ti kún fún àpá iná kan ilé náà, bí ẹni tó ń kan ọmọ tuntun.

Àárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni olórí ẹbí. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi àgbà," ni Aránṣọ kí i láti ìta, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́.

"Káàárọ̀, ìyàwó. Fi ìyẹn sílẹ̀, nǹkan ti bùṣe." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Mo ti fọwọ́ sí tèmi. Tìẹ ló kù. Bí a bá sáré fọwọ́ sí i kí wọ́n tó dé, a máa rí nǹkan kan gbà. Bí a ò bá fọwọ́ sí i, òfo ni."

Tíṣà na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n kà á, Bàbá Àgbà."

Ó kà á sínú, ojú rẹ̀ ń le. Lẹ́yìn náà ló kà á síta: "'Àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́wọ́ pé orí ilẹ̀ òfìfo tí kì í ṣe tiwa la wọ̀ láìgba àṣẹ.'" Ó gbójú sókè. "Ohun tí ẹ fọwọ́ sí rèé?"

"Ọ̀rọ̀ ìwé lásán nìyẹn."

"Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná, Bàbá Àgbà. Ìwé yìí ni epo náà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé olè ni yín, ta ló tún máa gbọ́ ẹjọ́ yín?"

"Tíṣà! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ wo èyí." Ó fi ìwé náà sílẹ̀, ó fa àgbàlagbà náà súnmọ́ tábìlì.

Bàbá Àgbà wọ awò ojú rẹ̀. Ní ti pé akọ̀wé ni, ó mọ ìwé wò, kò sì pẹ́ tó fi lóye rẹ̀. Ó rí ilé bàbá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ti ń fọwọ́ lu èjìká àbúrò rẹ̀, àfi bí ìka rẹ̀ ṣe dúró lójijì.

"Kí ni ilà méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá yìí?"

Tíṣà fi àtàǹpàkò tẹ etí bébà náà mọ́lẹ̀.

"Ọ̀nà ni," ni Bàbá Àgbà dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ọ̀nà tó ti títì lọ sí kànga. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ dà níbí?"

Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọ̀nà ló wà níbẹ̀, tó tóbi tó ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbà, tó sì jáde tààrà sẹ́nu ilé Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìn wọn. Nọ́ọ̀sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rí, pé ìyá òun gbà á dàgbà, pé kò yẹ kí òun máa fo gọ́tà kí òun tó dé títì. Wọ́n pè é ní alárékérekè. Òun àti Aránṣọ kì í kí ara wọn mọ́.

Bàbá Onírin fi àárẹ̀ jókòó. "Bàbá wa ló dí i pa."

"Ta ló bi ọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ohun tó rọrùn ni. Kí Tíṣà gé igun yìí kúrò. Ilé wà, kànga wà, ó ti tó. Ta ló máa mọ̀? Sísọ́ọ̀sì kún inú ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Mi ò ní gé e."

"Gé e," ni bàbá rẹ̀ sọ, láì wo ojú rẹ̀.

"Bàbá, kí ni ìjọba ìbílẹ̀ ṣe fún wa? Wọ́n ya máàpù, wọ́n yọ wá kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ kí n yọ Nọ́ọ̀sì. Máàpù tí a bá gé lápá kan, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ògidì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn."

"Mo ní kí o gé e!" Bàbá Onírin fọwọ́ gbá tábìlì, ìṣá owú yí bọ́ sílẹ̀, máàpù ká sókè. "Ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń bọ́ wa! Ta ló ń gbé irin wá fún mi jó mọ́? Abẹ́rẹ́ ìyá rẹ la fi ń jẹun, abẹ́rẹ́ ìyá rẹ ló rán ọ níléèwé tó o ti kọ́ ẹnu tó ò ń yọ sí mi!"

Ibẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi pupa ń kán láti ara kànrìnkàn ọwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀.

"Ibo ni ọ̀nà náà gbà?" ló bèèrè.

Bàbá Àgbà mú ìwé rẹ̀, ó ń ká a padà sínú ọ̀rá.

"Tíṣà, ìwọ ni mò ń bi."

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, Màámi."

Aránṣọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àti aṣọ àwọn oníbàárà tó fi kọ́ sára ògiri, àwọn kan kò tíì lápá. Ó gbé kànrìnkàn sílẹ̀, ó wọlé lọ bu oúnjẹ wá: ẹ̀wà àti búrẹ́dì, abọ́ kan fún ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ. Kò bu tirẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó jẹ nínú wọn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó fo gọ́tà, ó gba ẹ̀yìn lọ.

Nọ́ọ̀sì ń kó ìkòkò sínú àpò nígbà tí òjìji bọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Nọ́ọ̀sì ò gbójú sókè. "Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"Mi ò ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló gbé mi wá."

"Ọ̀nà wo?"

"Èyí tí ẹ ní ó wà. Ó wà lóòótọ́. Ọmọ mi ti rí i nínú máàpù."

Nọ́ọ̀sì rọra gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ pè mí ní òpùrọ́ lójú ayé."

"Mo pè yín bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi nígbà tí òun náà sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́." Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Ojú ayé náà ni mo fẹ́ ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Bí ẹ bá sọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó mú ìkòkò kan jáde nínú àpò, ó dá a padà sórí pẹpẹ. "Ẹ tú ẹrù yín, Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti ń di ẹrù ti gbà pé ilé òun kì í ṣe ilé."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Katakata ti gun afárá.

Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ló ṣáájú, àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ lé e, awọnlẹ̀ kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ léjìká. Àwọn ará àdúgbò jáde. Bàbá Onírin wo katakata náà, ó wo àwọn ènìyàn tó ń sá sẹ́yìn, ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó lọ gbé e kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà gan-an, ó sì jókòó lé e. Ẹnì kan jókòó tì í. Ẹlòmíràn gbé àga tirẹ̀ wá.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ọ̀gá náà pariwo, "ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di wàhálà. Ilẹ̀ òfìfo ni ibí. Ẹ dìde."

Tíṣà bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo èyí. Ìjọba ló yà á, òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lára rẹ̀. Àwọn ilé yìí ti wà kí wọ́n tó ri páìpù omi."

Ọ̀gá náà gba máàpù. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wò ó, ó wo ilé, ó tún wò ó, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń dá a padà fún Tíṣà.

"Ó dáa. Ilé yìí wà níbí, mo gbà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní àmì pupa yẹn dà? Ọ̀nà ni mo rí níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti gba ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Ẹni tó jí ọ̀nà ló wá ń pè wá lólè!"

Àwọn kan wo ilẹ̀. Bàbá Àgbà mi orí, ó ń kùn pé òun sọ ọ́, òun sọ ọ́.

"Òótọ́ lẹ sọ."

Ohùn Aránṣọ ni. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, Nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ló tún wí, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Bàbá ọkọ mi ló dí ọ̀nà yẹn. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa, mo pè é ní òpùrọ́. Èmi ni mo purọ́. Ẹ ti gbọ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi gé irin ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Bàbá Onírin ò dìde. "Ìyá Tíṣà, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́ nílé, kí la fẹ́ kó wá pàdé àwọn èyí?" Ó kọjú sí ọ̀gá náà. "Èyí tí kì í ṣe tiwa, ọwọ́ ara wa la máa fi wó o, lójú yín báyìí. Nígbà tí a bá wó o tán, kò ní sí ohun tí ẹ máa nawọ́ sí mọ́. Èyí tó kù, tiwa ni. Ẹ wá wó o lórí wa."

Bàbá Onírin wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó dìde. Ẹlòmíràn bọ́ sórí bẹ́ǹṣì kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo. Ó gbé gáàsì tó fi ń gé irin wá, ó bo ojú, iná sì ṣẹ́yọ. Gbogbo irin tó fúnra rẹ̀ jó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ló ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀ta iná ń fò dé ẹsẹ̀ àwọn ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ya wọlé, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, wọ́n gbé tábìlì. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó aṣọ àwọn oníbàárà lọ sí ilé rẹ̀, ó ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ aṣọ ìgbéyàwó yẹn mọ́lẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ti pákó ẹ̀yìn, ó wó lulẹ̀ gbì, eruku sọ. Nígbà tí eruku lọ tán, gbogbo ènìyàn rí ẹnu ilé Nọ́ọ̀sì láti orí títì, wọ́n sì rí kànga.

Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún awọnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó di ojú kan, ó fi èkejì wo àpáta, ó fi wo ìdí afárá. Ó gba máàpù lọ́wọ́ Tíṣà, ó bá a ka ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

"Ó bá a mu," ni awọnlẹ̀ sọ.

"Kí lo wí?" Ọ̀gá náà yí sí i.

"Mo ní máàpù yìí bá ilẹ̀ mu, sà. Mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìwọnlẹ̀ pé òfìfo ni."

"Ṣọ́ra rẹ."

"Orúkọ tèmi ló máa wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, sà. Bí wọ́n bá pè mí ní kóòtù, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ọ̀gá náà fa fóònù yọ, ó rìn jìnnà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ju ọwọ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì àti àga ò mira. Nígbà tó padà dé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "A máa padà wá," ló sọ.

"Ẹ máa bá wa," ni Bàbá Onírin dá a lóhùn.

Katakata fẹ̀yìn rìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ títí tó fi gun afárá, tó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Lẹ́yìn náà ni ariwo ta.

Bàbá Àgbà ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rá ìwé rẹ̀ ní abíyá. Aránṣọ gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ tó ti tutù fún un. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun, kò sì sẹ́ni tó gbé àga fún un.

Wọ́n gbé tábìlì ìgéṣọ sí abẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé, níbi tí Aránṣọ á ti máa ránṣọ títí tí wọ́n á fi rí ibòmíràn. Tíṣà ní ẹjọ́ ṣì kù, pé agbẹjọ́rò máa bèèrè bí àdúgbò ṣe rí báyìí, nítorí náà àwọn fúnra wọn gbọ́dọ̀ ya tuntun. Ó tẹ́ bébà ńlá. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, gbogbo àdúgbò ti ya bò ó.

"Ilé tèmi tóbi ju ìyẹn lọ o!"

"Tíṣà, má gbàgbé ilé adìẹ mi."

"Adìẹ mélòó lo ní tó o fi ń wọ máàpù?"

"Wọ́n ní òfìfo ni wá. Ya adìẹ náà!"

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó ń yà. Ó ya àpáta, ó ya afárá, ó ya ilé wọn, ó ya ti Nọ́ọ̀sì. Ó dé àárín méjèèjì, pẹ́ńsù rẹ̀ dúró. Bàbá rẹ̀ wo ibẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Màámi," ni Tíṣà wí, "kí ni kí n kọ síbí?"

Aránṣọ ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tọ́ owú bọ ojú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú garawa lórí, tààrà, láì fo gọ́tà kankan.

"Kọ 'ọ̀nà' síbẹ̀," ni Aránṣọ sọ. "Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó bá tún fẹ́ dí i lè rí i kà."